Àgọ́ ọlidé àwọn ọmọkùnrin Júù: Kí ni ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ nínú igbó lè ṣe fún èdè àti ẹ̀sìn?

Bí oṣù Kẹfà bá ti ń parí lọ, òjò a dáwọ́ dúró ní Libreville, olú ìlú orílẹ̀-èdè Gabon. Ẹ̀ẹ̀rùn ńlá ti dé nìyẹn. Ojú ọ̀run a ṣú láì rọ̀, ooru a dín kù, ilé-ìwé a sì wọ ọlidé gígùn tí yóò gbé wọn dé oṣù Kẹsàn-án.

Àsìkò yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ kan máa ń hàn kedere nínú ilé ọ̀pọ̀ òbí tó ń sọ Yorùbá níbẹ̀, ì báà jẹ́ àwọn tó wá láti Nàìjíríà tàbí àwọn Nàgó tó wá láti Kétu, Sàkétẹ́ àti Pọ́bẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin. Ọmọ kò lọ sílé-ìwé mọ́, ó wà nílé láti àárọ̀ dalẹ́. Ìyá a pè é ní Yorùbá, ọmọ a dáhùn ní Faransé. Bàbá a ní kó kí àlejò, ọmọ a na ọwọ́, kò ní dọ̀bálẹ̀. Kì í ṣe pé ọmọ náà ya aláìgbọràn, ohun tí kò rí ni kò mọ̀.

Kí ni èèyàn lè fi ọlidé ṣe sí irú ọ̀rọ̀ báyìí?

Ẹ̀yà kan wà tó ti ń dáhùn ìbéèrè yìí fún ohun tó lé ní ọgọ́fà ọdún. Àwọn Júù tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ni. Ìdáhùn tí wọ́n rí ni pé kí wọ́n kó àwọn ọmọ kúrò nílé pátápátá, kí wọ́n kó wọn lọ sí ẹ̀bá adágún odò tàbí orí òkè, kí wọ́n máa sùn síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ.

Báwo ni àgọ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀?

Kì í ṣe nítorí ẹ̀sìn ló fi bẹ̀rẹ̀. Ooru àti àìsàn ló bí i.

Láàárín ọdún 1880 sí 1924, àwọn Júù tó lé ní mílíọ̀nù méjì ló ti ìlà oòrùn Yúróòpù sá lọ sí Amẹ́ríkà. Òṣì lé wọn, ìkọlù náà sì ń lé wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sọ̀ sí Lower East Side ní ìlú New York, níbi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń pín ilé ìgbẹ́ lò. Ẹni tó bá mọ ilé "face-me-I-face-you" l'Ékòó mọ irú ilé tí à ń wí. Bàbá ń ránṣọ nínú yàrá tí ọmọ ń sùn sí, ikọ́ fée sì ń jà káàkiri. Bí oṣù Keje bá dé, tí ooru mú, orí òrùlé ni ọ̀pọ̀ ń sùn.

Ní ọdún 1902, àwọn Júù tó ti rí jájẹ dá àgọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin àdúgbò yìí ní Cold Spring, lẹ́bàá odò Hudson, ní àríwá ìlú New York. Surprise Lake Camp ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ tálákà ni wọ́n ń kó lọ. Inú àgọ́ aláṣọ ni wọ́n ń sùn. Ohun tí wọ́n ń lépa kò ju pé kí ọmọ mí afẹ́fẹ́ tó dáa, kó jẹun yó, kó lúwẹ̀ẹ́, kó sì padà sílé pẹ̀lú ara líle.

Ọmọ òrukàn kan wà lára àwọn tó lọ síbẹ̀. Ìyá àgbà rẹ̀ ló ń tọ́ ọ ní Lower East Side. Nígbà tó dàgbà, ó di ọ̀kan lára àwọn aláwàdà tí òkìkí wọn kàn jù lórí rédíò àti nínú fíìmù ní Amẹ́ríkà. Eddie Cantor lorúkọ rẹ̀. Kò gbàgbé àgọ́ náà, ó fi orúkọ àti owó rẹ̀ ràn án lọ́wọ́ kí àwọn ọmọ tálákà míì lè rí i lọ. Àgọ́ náà ṣì wà títí di òní, àmọ́ tọkùnrin tobìnrin ló ń gbà báyìí.

Ẹ̀wẹ̀, ohun kan tún wà tó mú kí àwọn Júù dá àgọ́ tiwọn sílẹ̀. Àwọn ibi ìgbafẹ́ ńláńlá kan kì í fẹ́ gbà wọ́n wọlé. Ní ọdún 1877, òtẹ́ẹ̀lì Grand Union ní Saratoga lé Joseph Seligman, ọ̀kan lára àwọn olówó báńkì tó lórúkọ jù nígbà náà, padà lẹ́nu ọ̀nà nítorí pé Júù ni. Bí wọ́n bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí olówó, kí ni ọmọ télọ̀ fẹ́ retí?

Nígbà tí àgọ́ di ilé-ẹ̀kọ́

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ara àwọn ọmọ yìí le. Wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì geere, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, wọ́n sì ń rí iṣẹ́ tó dáa. Ìbẹ̀rù àwọn òbí wá yí padà. Kì í ṣe ikọ́ fée ni wọ́n ń bẹ̀rù mọ́. Wọ́n ń bẹ̀rù pé ọmọ àwọn kò ní jẹ́ Júù mọ́ ní ìran méjì sí i.

Ní ọdún 1919, olùkọ́ kan, Albert Schoolman, bẹ̀rẹ̀ àgọ́ Cejwin, níbi tí ẹ̀kọ́ nípa àṣà àti ẹ̀sìn Júù ti di ọ̀pá tó gbé gbogbo nǹkan yòókù ró. Èrò rẹ̀ rọrùn láti yé ni. Wákàtí mélòó kan tí ọmọ ń lò ní kíláàsì lẹ́yìn ilé-ìwé kò lè borí gbogbo ọjọ́ tó ń lò nígboro. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ibi tó ti jí ló ti jẹun, tó ti ṣeré, tó ti sùn, ẹ̀kọ́ náà kò ní dà bí ẹ̀kọ́ mọ́.

Ní ọdún 1941, Shlomo Shulsinger gbé èyí tó le jù jáde. Ó dá àgọ́ Massad sílẹ̀, níbi tó ti jẹ́ pé èdè Hébérù nìkan ni wọ́n ń sọ. Ní tábìlì oúnjẹ, Hébérù. Nínú odò, Hébérù. Kódà nígbà tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù baseball, tí Hébérù kò ní ọ̀rọ̀ kankan fún tẹ́lẹ̀, wọ́n ṣẹ̀dá àwọn ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì ṣe ìwé atúmọ̀ èdè fún àgọ́ wọn.

Lẹ́yìn náà ni ìròyìn láti Yúróòpù dé. Ìjọba Násì ti Jámánì ti pa mílíọ̀nù mẹ́fà Júù. Àwọn ìlú tí àwọn baba wọn ti wá, ilé-ẹ̀kọ́ Tórà ibẹ̀, àwọn tó ń sọ èdè ibẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ti pa rẹ́. Àwọn Júù Amẹ́ríkà wò yíká, wọ́n rí i pé àwọn ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tó kù láyé. Kò sí ilé baba mọ́ níbi tí wọ́n lè rán ọmọ padà sí lọ kọ́ èdè. Ní ọdún 1947, àgọ́ Ramah àkọ́kọ́ ṣí ní Conover, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Ọ̀pọ̀ sì tẹ̀ lé e.

Ọgbà Ísírẹ́lì

Nínú gbogbo àwọn àgọ́ yìí, èyí tí àwọn tó ń tẹ̀ lé òfin ẹ̀sìn tímọ́tímọ́ dá sílẹ̀ ló ṣì ń ya ọmọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọbìnrin títí di òní. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lára wọn ni Gan Israel, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ Ọgbà Ísírẹ́lì. Ẹgbẹ́ Chabad-Lubavitch ló dá a sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin ní ọdún 1956, ní Ellenville, ní agbègbè òkè Catskill ní ìpínlẹ̀ New York. Àwọn ọmọbìnrin tilẹ̀ ti ṣáájú wọn, nítorí pé ọdún 1953 ni àgọ́ Emunah tiwọn ti bẹ̀rẹ̀.

Olórí ẹgbẹ́ náà, Rábì Menachem Mendel Schneerson, gba ipò ní ọdún 1951. Láti ìgbà náà títí tó fi kú ní ọdún 1994, agbára káká ló fi máa ń jáde kúrò ní ìlú New York. Síbẹ̀, ó lọ wo àgọ́ àwọn ọmọ yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ní 1956, 1957 àti 1960. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ mọ ohun tí ìrìn àjò náà túmọ̀ sí. Ẹni tí kì í lọ síbì kankan, tó wá lọ wo ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré, kò ka eré náà sí eré lásán.

Báwo ni ọjọ́ kan ṣe ń lọ nínú àgọ́?

Kí ọmọ tó sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, àdúrà kúkúrú ló kọ́kọ́ máa gbà, láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé òun jí. Yóò bu omi sọ́wọ́ ọ̀tún àti òsì. Lẹ́yìn náà ni àdúrà àárọ̀ pẹ̀lú gbogbo àwọn yòókù. Àwọn tó ti pé ọdún mẹ́tàlá a so àpótí kékeré aláwọ tó ní ọ̀rọ̀ Tórà nínú mọ́ apá àti iwájú orí.

Oúnjẹ dé, àmọ́ kì í ṣe oúnjẹ kóúnjẹ. Ẹran àti wàrà kì í pàdé lórí tábìlì kan náà. Ìkòkò tí wọ́n fi se ẹran, wọn kì í fi se ohun tó ní wàrà. Ọmọ tó jẹ́ pé ilé-ìwé ìjọba ló ń lọ, tó máa ń ṣàlàyé fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ìdí tí kò fi lè jẹ oúnjẹ wọn, kò ní àlàyé kankan láti ṣe níbí. Bákan náà ni gbogbo wọn.

Wákàtí bíi mélòó kan ni wọ́n fi ń kọ́ Tórà lábẹ́ igi tàbí nínú gbọ̀ngàn. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di bọ́ọ̀lù, ọkọ̀ ojú omi, iṣẹ́ ọwọ́ àti ìlúwẹ̀ẹ́.

Ìlúwẹ̀ẹ́ yìí gan-an ní ìtàn tirẹ̀. Nínú Tálímọ́ọ̀dù, ìwé tí àwọn rábì ayé àtijọ́ kó ìdájọ́ àti àríyànjiyàn wọn sí, wọ́n to àwọn ohun tó jẹ́ ojúṣe bàbá sí ọmọkùnrin rẹ̀. Kó kọ́ ọ ní Tórà, kó fẹ́ ìyàwó fún un, kó kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn kan fi kún un pé kó kọ́ ọ ní ìlúwẹ̀ẹ́, nítorí pé ẹ̀mí ọmọ lè wà lórí rẹ̀. Nítorí náà, bí olùkọ́ bá ń kígbe mọ́ ọmọ létí adágún pé kó ju apá rẹ̀ dáadáa, ojúṣe tí bàbá gbé lé e lọ́wọ́ ló ń ṣe.

Ọjọ́ Ẹtì yàtọ̀. Ní ọ̀sán, wọn a gbá gbogbo ilẹ̀, wọn a wẹ̀, wọn a wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Bí oòrùn bá ti wọ̀, iná ṣíṣe dópin, rédíò dákẹ́, kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kan ohun èlò kankan títí di ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Orin ló kù, orin pẹ̀lú àtẹ́wọ́ àti ọwọ́ tí wọ́n ń lù mọ́ tábìlì, títí tí ohùn á fi há. Ní alẹ́ Sátidé, wọn a tan àbẹ́là tí wọ́n lọ́ pọ̀ bí irun dídì, wọn a gbóòórùn èròjà olóòórùn dídùn, ọ̀sẹ̀ tuntun a sì bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kan tún wà tó jẹ́ pé inú àgọ́ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Júù Amẹ́ríkà ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Tisha B'Av ni, ọjọ́ ààwẹ̀ tí wọ́n fi ń rántí ìparun Tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù. Àárín oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ ló máa ń bọ́ sí, nígbà tí ilé-ìwé ti wọ ọlidé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣọ́ra fún ẹran jíjẹ, àyàfi ní Ọjọ́ Ìsinmi. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ọmọ tó ń pariwo láàárọ̀ a jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú òkùnkùn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì tàbí àbẹ́là, wọn a máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé Ẹkún Jeremáyà.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́?

Ní ọdún 2011, àjọ Foundation for Jewish Camp gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn àgbàlagbà tó lọ sí àgọ́ nígbà èwe wọn. Ó rí i pé wọ́n fi ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ṣeé ṣe ju àwọn tí kò lọ lọ láti máa lọ sí sínágọ́gù ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Wọ́n sì fi ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún ju wọ́n lọ nínú títan àbẹ́là Ọjọ́ Ìsinmi déédéé nílé ara wọn.

Àmọ́ ti èdè kò rí bẹ́ẹ̀. Massad, níbi tí wọ́n ti ń sọ Hébérù nìkan, ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọdún 1981. Ó nira láti rí olùkọ́ tó gbọ́ èdè náà dénú, ó sì nira láti rí ọmọ tó fẹ́ fi ọlidé rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà. Ohun tí ọ̀pọ̀ àgọ́ ń ṣe lónìí ni pé wọ́n ń fi Hébérù wọ́n ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹní wọ́n iyọ̀ sí ọbẹ̀. Ilé oúnjẹ ní orúkọ Hébérù, ìkíni àárọ̀ jẹ́ Hébérù, orin jẹ́ Hébérù. Ọmọ kò ní lè fi í bá èèyàn dá ẹjọ́, ṣùgbọ́n bó bá gbọ́ ọ níbikíbi láyé, yóò mọ̀ pé tòun ni.

Owó tún jẹ́ wàhálà. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ tálákà ti di ohun tó ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lọ́wọ́ òbí lórí ọmọ kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn àjọ Júù fi ń fún ọmọ tó bá ń lọ nígbà àkọ́kọ́ ní ìrànwọ́ tó lè tó 1,000 dọ́là.

Ààbò náà jẹ́ ìbéèrè tí kò yẹ kí òbí kankan fọwọ́ rọ́ tì. Ọmọ tó ń sùn níbi tí ojú bàbá àti ìyá kò tó lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni ibi, tàbí kí àwọn ọmọ tó dàgbà jù ú lọ máa fìyà jẹ ẹ́. Orúkọ ẹ̀sìn tó wà lára ilé kò dáàbò bo ọmọ. Òbí ní láti mọ ẹni tó ń sùn nínú yàrá pẹ̀lú àwọn ọmọ, bí wọ́n ṣe yẹ ìtàn ẹni náà wò kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́, àti bí ọmọ ṣe lè kàn sílé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Bí ọwọ́ wọn ṣe di àgọ́ yìí mú tó hàn ní ọdún 2020. Nígbà tí àrùn Kòrónà ń jà, ìpínlẹ̀ New York kò fàyè gba àgọ́ tí ọmọ ń sùn sí. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe àgọ́ Júù gbé ìjọba lọ sí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́. Adájọ́ kò gbà pẹ̀lú wọn.

Kí ló wà ní Áfíríkà?

Ní South Africa, níbi tí àwọn Júù ti pọ̀ jù ní apá gúúsù Sàhárà, oṣù Kejìlá ni àsìkò àgọ́, torí pé ìgbà náà ni ooru wọn. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Habonim Dror máa ń pàgọ́ sí Onrus, létíkun ní Western Cape, tọkùnrin tobìnrin.

Ní Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, àwọn Júù kò pọ̀. Oníṣòwò, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè àti ìdílé wọn ló pọ̀ jù nínú wọn. Kinshasa ni Chabad fi ṣe ibùdó ní agbègbè náà láti ọdún 1991. Wọ́n ní rábì ní Abuja àti Èkó pẹ̀lú. Ní àsìkò ọlidé àti ọdún, ẹgbẹ́ náà máa ń rán àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ rábì ní méjìméjì lọ sí àwọn ìlú tí Júù kò ti pọ̀. Níbi tí ọmọ kò ti pọ̀ tó láti kó lọ sí àgọ́, wọ́n ń gbé díẹ̀ nínú àgọ́ náà wá bá ọmọ.

Ìlú Libreville fúnra rẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ àdánù èdè. Orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ìlú òmìnira. Ní ọdún 1849 ni àwọn Faransé tẹ̀ ẹ́ dó pẹ̀lú àwọn ẹrú tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Elizia. Lónìí, Faransé ni èdè tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú náà kọ́kọ́ ń sọ. Bí ọmọ onílé bá ń sọ èdè baba rẹ̀ nù, báwo ni ọmọ àlejò yóò ṣe di tirẹ̀ mú?

Ṣé Yorùbá kò ní àgọ́ tirẹ̀ ni?

Ó ní. Ẹgbẹ́ Boys' Brigade dé Nàìjíríà ní 1908, Scout sì dé ní 1915. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ní ẹgbẹ́ Royal Ambassadors fún àwọn ọmọkùnrin, wọ́n sì máa ń pàgọ́. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, MSSN, tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó ní ọdún 1954, ń ṣe ẹ̀kọ́ ọlidé tí àwọn ọmọ ti ń sùn síbẹ̀, tí wọ́n ń kírun papọ̀, tí wọ́n ń jẹun papọ̀. Ẹni tó bá ti lọ sí irú rẹ̀ rí kò ní pẹ́ kó tó lóye ohun tí ọmọ Júù ń rí ní òkè Catskill.

Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹ̀sìn ni àwọn àgọ́ wa ń dáàbò bò. Èdè kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì ló sábà máa ń gba iwájú nínú ìwàásù, ìdíje àti ìkéde. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ní ọdún 2018 pé kí gbogbo ilé-ìwé máa kọ́ ọmọ ní Yorùbá, ṣùgbọ́n òfin náà kò lè tẹ̀ lé ọmọ dé inú ọlidé, níbi tí lẹ́sìn Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò ti ń dúró dè é. Kò sì lè tẹ̀ lé e dé Libreville, London tàbí Houston.

Ní ayé àtijọ́, àgọ́ èdè Yorùbá ni ilé ìyá àgbà. Bí ọlidé bá dé, wọn a di ẹrù ọmọ, wọn a fi ránṣẹ́ sílé. Oṣù méjì ní Abẹ́òkúta, Ìlá tàbí Kétu, ọmọ a padà dé pẹ̀lú oríkì rẹ̀ lẹ́nu. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní kíláàsì. Ó kàn jẹ́ pé bí kò bá sọ Yorùbá, kò ní rí ẹja jẹ ni. Lónìí, owó ọkọ̀ òfuurufú ti wọ́n kọjá agbára ọ̀pọ̀ ìdílé, ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ti lọ bá àwọn àgbà, àwọn tó kù sì ń bá ọmọ-ọmọ wọn sọ Gẹ̀ẹ́sì kí ó má bàa dà bí ẹni pé wọn kò mọ̀wé.

Àwọn Júù kò ní ilé ìyá àgbà tí wọ́n lè padà sí lẹ́yìn ọdún 1945, ni wọ́n bá kọ́ ọ sínú igbó Amẹ́ríkà. Ilé ìyá àgbà ti Yorùbá ṣì wà ní ìdúró. Ìdílé márùn-ún tàbí mẹ́fà tó ń gbé ìlú kan náà lè pawọ́ pọ̀ gba ilé kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n wá àgbàlagbà kan tó gbọ́ Yorùbá dénú, kí wọ́n sì wá ẹni tó mọ àlọ́ pa.

Ní ìparí oṣù Kẹjọ, àwọn bọ́ọ̀sì a gbé àwọn ọmọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè padà sí New York. Aṣọ wọn a dọ̀tí, ohùn wọn a ti há. Ìyá a bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n kọ́, ọ̀pọ̀ a ní àwọn kò kọ́ nǹkan kan, eré làwọn ṣe. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó bá tẹ̀ lé e, nídìí tábìlì oúnjẹ, ọmọ náà a bẹ̀rẹ̀ orin kan tí bàbá rẹ̀ kò mọ̀.